Ihò Tín-ín-rín Tó Ń Fọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ọ́ìlì bá ti pé nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rù kò sí mọ́. Ẹni tó bá fi ìgbàgbọ́ yìí ra alùpùpù Triumph Bonneville àtijọ́ lè fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Abúlé Meriden, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 1959. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1983. Pístọ̀n méjì ló ní, kọ́ńrọ́ọ̀dù sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ kíráńkì. Bí kíráńkì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni kọ́ńrọ́ọ̀dù ń lọ sókè sísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ohun tí kò jẹ́ kí irin jẹ irin níbẹ̀ ni ọ́ìlì fẹ́lẹ́ tí kò nípọn tó irun orí. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì náà gba ìdí kíráńkì wọlé, kí ó tó gba ihò tín-ín-rín jáde sí ẹsẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù. Èyí tó bá ta jáde níbẹ̀ ni orí kọ́ńrọ́ọ̀dù, lọ́dọ̀ pístọ̀n, ń rí lò.

Kí ìdọ̀tí má baà dé ibẹ̀, wọ́n ki ọ̀pá oníhò kan bọ inú kíráńkì. Bí ó ti ń yí, ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, ọ́ìlì tó mọ́ sì ń kọjá. Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ kò sí bí a ṣe lè kó ìdọ̀tí yìí jáde láìtú gbogbo ẹ́ńjìnnì. Pípààrọ̀ ọ́ìlì kò kàn án. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ki títí yóò fi dí ihò pa.

Ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ nìyí. Bí a bá so géèjì mọ́ ọn, kò ní já wálẹ̀, nítorí ṣáájú ihò náà ni ó ti ń wọn agbára ọ́ìlì. Bí a bá yọjú wo táǹkì, a óò rí ọ́ìlì tó ń padà bọ̀, nítorí fáàfù kan ń da èyí tí kò rọ́nà lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀kì ni etí yóò kọ́kọ́ gbọ́: kó, kó, kó. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹni tó gùn ún kò bá dúró, kọ́ńrọ́ọ̀dù lè ṣẹ́, kí ó sì lu ara ẹ́ńjìnnì já.

Nítorí náà, kí ẹ tó gùn ún rárá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u. Kí ó kọ́kọ́ yọ bóòtù tó di ọ̀pá náà mú (ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí), kí ó tú ìdérí rẹ̀, tó máa ń le bí ojú ẹja, kí ó fa ọ̀pá jáde, kí ó fọ gbogbo ihò, kí ó sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn. Nígbà tó bá ń dá a padà, kí ihò ara ọ̀pá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò bóòtù, kí ó sì fi ọ́ìlì pa ẹsẹ̀ kọ́ńrọ́ọ̀dù kí ó tó dì í.