Ìjàpá ńlá nínú ọgbà ilé: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra ọ̀kan

Nígbà tí Alàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé, àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Iye ọdún yẹn ni gbogbo èèyàn ń jiyàn lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìjàpá ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló le.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní sulcata. Tí a bá yọ àwọn ti erékùṣù kúrò, kò sí ìjàpá orí ilẹ̀ tó tóbi tó o. Agbègbè Sahel ni ilé rẹ̀, láti Senegal, Mali àti Niger títí dé Sudan. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé gbà á. Ohun tó ń tan àwọn tó ń rà á nìyẹn, torí akọ rẹ̀ tó bá dàgbà lè wọn kílò 50, ìyẹn odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan tó ń dá rìn.

Ògiri àti ihò

Ẹ má fi wáyà ṣe ọgbà rẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ bá ti lè rí òdìkejì ló máa ń fi ara tì títí yóò fi já. Búlọ́ọ̀kù ló dára, kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ dáadáa, torí ìjàpá yìí ń gbẹ́ ilẹ̀. Nínú Sahel, ihò rẹ̀ lè jìn tó mítà mẹ́ta, ibẹ̀ ló ń sá sí fún oòrùn. Ẹ jẹ́ kí ọgbà náà jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé yín àti ṣalángá.

Òjò ni ìṣòro àwa tí a wà ní Èkó, Kútọnu tàbí Port Harcourt. Ẹranko ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ó nílò ahéré kékeré tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, tí omi kò lè wọ̀. Tí ikun bá ń jáde nímú rẹ̀, tàbí tó ń la ẹnu mí, ẹ pe dókítà ẹranko kíákíá. Síbẹ̀, ẹ gbé omi mímu sínú àwo pẹrẹsẹ fún un.

Ẹ má fi akọ méjì sínú ọgbà kan. Wọn yóò jà, ọ̀kan á dojú èkejì dé, èyí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú oòrùn lè kú kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Koríko ni oúnjẹ rẹ̀

Koríko tútù àti gbígbẹ ló yẹ kó pọ̀ jù. Búrẹ́dì, ìrẹsì, ẹran àti oúnjẹ ajá kì í ṣe tirẹ̀. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń da inú rẹ̀ rú tó bá pọ̀. Ẹ wẹ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, pàápàá àwọn ọmọdé, nítorí kòkòrò Salmonella.

Sulcata ń dínkù nínú igbó. Àdéhùn CITES kò gbà kí wọ́n kó èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ tà sílẹ̀ òkèèrè. Ní Noflaye, lẹ́bàá Dakar, ibùdó kan wà tí wọ́n ń pè ní Village des Tortues, tó ń gba àwọn tí apá olówó wọn kò ká mọ́. Ẹ má lọ tú tiyín sílẹ̀ nínú igbó Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun: òjò ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Ó lè lo ju 50 ọdún lọ. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó.