Nọ́ńbà ara rìmóòtù kì í ṣe ti eré: Bí tẹ́mósítáàtì ṣe ń jẹ owó iná nínú ilé

Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé àwọn ará Agboyi àti ẹrù wọn kọjá láti ìhà Kétu. Ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì, páànù, gbogbo rẹ̀ ló ń bá wọn gun ọkọ̀, fìríìjì náà kò sì gbẹ́yìn. Àmọ́ bí fìríìjì bá ti délé tán, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nílẹ̀: ibo ni kí wọ́n yí bọ́tìnnì inú rẹ̀ sí? Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i dé òpin, tí wọn á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ọdún á fi yípo. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ sí 16, tí wọn á ju rìmóòtù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí owó tí wọ́n kó sórí mítà bá tán láìtọ́jọ́ ni wọ́n tó máa ń pariwo pé ilé iṣẹ́ iná ń yan àwọn jẹ.

Ohun tó wà nídìí bọ́tìnnì náà là ń pè ní tẹ́mósítáàtì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ bí ooru tàbí òtútù ṣe tó, kó pa ẹ̀rọ nígbà tó bá tó, kó sì tún tàn án nígbà tó bá yẹ. Ẹni tó bá ti lọ aṣọ rí ti bá a pàdé. Iná pupa kékeré ara áyọ́ọ̀nù tó máa ń kú, tó tún máa ń tàn, kì í ṣe pé wọ́n mú iná lọ. Tẹ́mósítáàtì ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú irú ti àtijọ́, irin oríṣi méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí ooru bá mú wọn, ọ̀kan á gùn ju èkejì lọ, irin náà á tẹ̀, iná á sì já. Andrew Ure, onímọ̀ kẹ́míkà ará Scotland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1830. Èyí tó ní aago nínú, téèyàn lè sọ fún pé kó ṣe báyìí lálẹ́, kó ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn nídàájí, lẹ́yìn ló dé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti àwọn tó rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni yàrá máa ṣe tètè tutù tó. Ibi tí ẹ̀rọ máa dúró ni nọ́ńbà ń sọ, kì í ṣe bó ṣe máa sáré tó. Ẹni tó wọ dáńfó ní Kétu, tó ní Ọbáléńdé lòun ń lọ, ọkọ̀ kò ní tìtorí rẹ̀ sáré ju ti ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́ta lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ní ínfátà lè fi agbára kún iṣẹ́ wọn bí ibi tí wọ́n ń lọ bá jìn, ṣùgbọ́n owó iná náà ni yóò san án. Nínú ooru Èkó, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò pa dé, tí páànù ń gbóná lórí rẹ̀, kò lè dé 16 títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò ní sinmi rárá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sí 24 tàbí 26, tó sì tan fáànù kékeré mọ́ ọn, yóò sùn dáadáa.

Owó ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC fọwọ́ sí i pé kí owó yúnìítì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, kúrò ní náírà 68 lọ sí náírà 225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lóṣù karùn-ún, ó sì di náírà 209.50 nígbà tó di oṣù keje ọdún náà. Ká fi iye yẹn ṣírò. Ẹ̀rọ tó ń jẹ yúnìítì kan ní wákàtí kan, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 láìsinmi, yóò jẹ náírà 1,676 lóru ọjọ́ kan. Bí tẹ́mósítáàtì bá jẹ́ kó sinmi fún ìdajì àkókò yẹn, ó di náírà 838. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ náírà 25,140.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí bíi Peckham, ooru ni wọ́n ń fi tẹ́mósítáàtì ṣọ́, kì í ṣe òtútù. Wọn á ní kí ẹ̀rọ mú ilé móoru kí wọ́n tó jí, kó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́. Síbẹ̀, rírà rẹ̀ nìkan kò tó. Ní ìparí ọdún 2009, àjọ EPA ti Amẹ́ríkà yọ àmì Energy Star kúrò lára tẹ́mósítáàtì alágogo, nítorí kò dájú pé àwọn tó rà á ń fi pa owó mọ́. Ọ̀pọ̀ kò tò ó bó ṣe yẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, aago inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù máa ń gbàgbé àṣẹ tí wọ́n pa fún un ní gbàrà tí iná bá ti lọ. Ẹni tó ní kó kú ní aago mẹ́rin ìdájí lè jí bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ ní aago méje, bó bá jẹ́ irú èyí tó máa ń tan ara rẹ̀ padà. Kí ó tún aago náà tò lẹ́yìn tí iná bá dé.

Ti fìríìjì tún yàtọ̀. Nọ́ńbà 1 sí 5 tàbí 7 inú rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n òtútù. Bó bá ṣe ń lọ sókè ló ń tutù sí i. Ohun tó dára ni kí inú fìríìjì má gbóná ju ìwọ̀n 4 Celsius lọ, kí fírísà sì wà ní 18 sísàlẹ̀ òdo. Níbi tí iná kò ti dúró, kò burú kéèyàn yí bọ́tìnnì sókè nígbà tí iná bá wà, kí yìnyín lè pọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń dúró, kó dá a padà sáàárín. Ẹni tó ń kó ẹja sí fírísà fún títà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èyí tó kún, tí wọn kò ṣí, lè di òtútù mú fún bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi 24. Ike omi tó ti di yìnyín lè dí àyè tó ṣófo. Inú fìríìjì ní tirẹ̀ kò ju wákàtí 4 lọ.

Fìríìjì tí wọ́n bá sì gbé dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kò yẹ kó rí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá gúnlẹ̀ sí Agboyi, torí òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè ti ṣàn wọ páìpù. Kí wọ́n gbé e dúró fún wákàtí mélòó kan. Bó bá pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, kó di ọjọ́ kejì. Èyí tí omi bá sì wọ̀ nígbà tí odò Ògùn kún, tí wọ́n ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í sí iná kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó tú u wò.