Ìbọn Pọ́ǹpù Lọ́wọ́ Àwọn Ọdẹ Ẹyẹ Omi

Ìbọn pọ́ǹpù ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tí a ń fi ọwọ́ pààrọ̀ kátíríìjì inú rẹ̀, èyíinì ni ike tí a di ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Bí ọdẹ bá ti yìn ín tán, yóò fa ìgbámú tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn sẹ́yìn kí èèpo kátíríìjì lè fò jáde, yóò sì tì í padà síwájú kí òmíràn lè wọlé. Ní Nàìjíríà, ṣakabùlà àti ẹlẹ́nu méjì ni ọdẹ wa mọ̀ jù. Inú ìròyìn àwọn aṣọ́bodè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ orúkọ pọ́ǹpù. Ní Amẹ́ríkà, láti ayé Winchester Model 1897 tí John Browning ṣe ètò rẹ̀ ni àwọn tí ń dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń lò ó.

Ìgbà òtútù ni àkókò ọdẹ yìí. Nínú irà Louisiana, nínú igbó tí omi bò ní Arkansas àti létí omi iyọ̀ Chesapeake, ọdẹ a máa dúró sínú omi kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò tàbí yìnyín a sì máa rọ̀ lé e lórí. Ìbọn tí ń pààrọ̀ ọta fúnra rẹ̀ ń lo agbára ìyìn ìbọn tàbí èéfín ẹ̀tù. Bí òtútù bá mú kí òróró inú rẹ̀ ki, ó lè há. Ní ti pọ́ǹpù, apá ọdẹ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àléébù rẹ̀ náà ti ibẹ̀ wá, nítorí ẹni tí òtútù ti pa lọ́wọ́ lè má fà á dé ẹ̀yìn pátápátá, ọta kejì kò sì ní wọlé. Ẹrẹ̀ ni ó léwu jù. Bí ó bá dí ẹnu ìbọn tí a sì yìn ín bẹ́ẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́.

Méjì ni ó gbajúmọ̀ jù. Remington 870, tí ó jáde ní 1950, ní àpótí irin tí a gbẹ́ láti ara odidi irin kan. Inú àpótí yìí ni ẹ̀rọ ìbọn náà wà. Ó wúwo, ìwúwo náà sì ń dín agbára tí ìbọn fi ń ti èjìká ọdẹ kù. Ṣùgbọ́n irin ni í dípẹtà: irú rẹ̀ tí a ń pè ní Express, tí a kò dán lára bíi Wingmaster, a máa tètè dípẹtà bí a kò bá fi òróró pa á. Àpótí Mossberg 500, ti ọdún 1961, jẹ́ alumíníọ́mù. Ó fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà bí irin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá ìbọn náà ṣì jẹ́ irin. Bọ́tìnì ìdábòbò rẹ̀ wà lókè, níbi tí àtàǹpàkò ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ nípọn ti lè tètè kàn án, ìbáà jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Ti 870 wà lẹ́yìn ibi tí à ń fi ìka fà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ó sì rọ̀ lọ́rùn. Nínú omi iyọ̀, a lè sọ pé Mossberg ni ó yẹ ẹni tí kì í nu ìbọn rẹ̀ lálaalẹ́.

Ithaca 37 ti ọdún 1937 àti Browning BPS ti 1977 gba ọ̀nà mìíràn: ihò kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ni ọta ń gbà wọlé, òun náà ni èèpo ń gbà jáde. Òjò àti pàǹtí kò rí ẹ̀gbẹ́ wọn wọ̀, ṣùgbọ́n bí ọta bá há nínú wọn, yíyọ rẹ̀ kì í rọrùn. Benelli Nova ti Ítálì fi ike bo férémù irin, ìdí ìbọn àti àpótí rẹ̀ sì jẹ́ odidi kan.

Òfin pẹ̀lú ti yí àwọn ìbọn wọ̀nyí padà. Ní 1991, a fòfin de ọta òjé fún ọdẹ ẹyẹ omi jákèjádò Amẹ́ríkà, nítorí pé pẹ́pẹ́yẹ ń gbé e mì pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ omi, májèlé rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Ọta irin tí ó rọ́pò rẹ̀ fúyẹ́ ju òjé lọ, agbára rẹ̀ a sì máa tètè tán lójú òfuurufú. Kí ọta púpọ̀ lè wọ kátíríìjì kan, a mú un gùn: Mossberg 835, tí ó jáde ní 1988, ni ó kọ́kọ́ gba kátíríìjì oníwọ̀n 12 tí ó gùn ní ínǹṣì mẹ́ta àti ààbọ̀. Nova náà ń gbà á. Mossberg 500 kò gbà ju ínǹṣì mẹ́ta lọ. Ìbọn àtijọ́ bíi Winchester Model 12, tí a fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ nítorí òjé, kò yẹ kí a yin ọta irin nínú rẹ̀, nítorí ó lè ba ẹnu náà jẹ́.