Eégbọn, Iná Afò àti Òróró Afòlọ

Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ ní Ọjà'ba, ní Ìbàdàn, tí ó ní kòkòrò ń yọ ajá òun lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní efinrin. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe asán, nítorí òórùn efinrin a máa lé kòkòrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ọ̀rọ̀-ìperí méjì ni ó ń dí wa lọ́wọ́: orúkọ kòkòrò náà, àti orúkọ òróró tí a ń fà jáde lára ewé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ kòkòrò náà wò. Ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo ohun tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá ní eégbọn. Eégbọn gan-an, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní bí ó bá dàgbà. Ìbátan alántakùn ni, a sì máa lẹ̀ mọ́ awọ títí yóò fi yó. Èkejì kéré sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó ní, kò ní ìyẹ́, fífò ni ó ń fò. Ìbátan jìgá ni, ṣùgbọ́n kì í wọnú ẹran-ara bíi jìgá. A dábàá 'iná afò' fún un, nítorí pé inú irun ni ó ń gbé bí iná orí.

Ní ti òróró, bí a ti ń ṣe ògógóró ni a ń ṣe é. Ooru omi tí ń hó yóò gbé èròjà olóòórùn inú ewé gba inú ọ̀pá. Bí ọ̀pá náà bá gba inú omi tútù kọjá, ooru yóò padà di omi, òróró yóò sì léfòó lórí rẹ̀. Bí a bá kán àdí sórí tákàdá, àbàwọ́n rẹ̀ kò ní kúrò. Òróró efinrin yóò fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni a ṣe dábàá 'òróró afòlọ', ní ìlànà tí a fi ṣẹ̀dá 'afòpiná'. Òróró tí a fún láti inú kóró dongoyárò kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ ń rùn.

Ẹ̀mí ẹran rọ̀ mọ́ ìyàtọ̀ yìí. A ń fi àdí pa ọmọ lára láìbẹ̀rù. Ẹni tí ó bá ka 'òróró' lásán lè ṣe bákan náà fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára tó láti sọ èròjà bíi táímọ́ọ̀lù, tí ó wọ́pọ̀ nínú efinrin ńlá, di ohun tí ara lè tètè gbé jáde. Ológbò a sì tún máa lá ara rẹ̀. Ìwárìrì, itọ́ dídà, àní ikú, lè tẹ̀lé e. Ajá pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu bí òróró náà bá pọ̀ tàbí bí ó bá le jù.

Orúkọ yìí tún fi ibi tí agbára òróró náà mọ hàn: ohun tí ń fò lọ kì í pẹ́ lára ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin iná afò kì í dúró lára ajá. Orí ilẹ̀ àti ẹní ni ó ń já bọ́ sí, ibẹ̀ ni ìdin rẹ̀ sì ti ń dàgbà. Ní Bẹẹrẹ àti Òkè Màpó, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé, ilé gbígbá, ẹní sísá sóòrùn àti fífi òòyà wẹ́wẹ́ ya irun ẹran kò ṣeé fi sílẹ̀ nítorí òróró kankan.

Nítorí náà, kí olùtumọ̀ má ṣe kọ 'òróró' lásán. Kí ó kọ ọ́ báyìí: 'Má ṣe fi òróró afòlọ pa ológbò lára, kọ́kọ́ bi oníṣègùn ẹran léèrè.'