Títún Aṣọ Àtijọ́ Rán Láì Ba Ogún Jẹ́

Púpọ̀ nínú aṣọ Yorùbá àtijọ́ ni wọ́n ṣe lọ́nà tí ó fi ṣeé tú. Odidi aṣọ ni ìró, a kàn ń ró o mọ́ ìdí ni; gèlè jẹ́ aṣọ gígùn tí a ń wé sórí; ìborùn àti ìpèlé kò ní ju etí tí a ṣẹ́ lọ. Àlùmọ́gàjí kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Agbádá pàápàá, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, aṣọ títò pọ̀ ni. Ibi ọrùn ni gígé ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ kan fi lè jẹ́ ti ìyá àgbà, kí ó di ti ọmọ rẹ̀, kí ó sì tún bá ọmọ-ọmọ mu, bí ọ̀kan tilẹ̀ sanra tí èkejì sì pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston sábà máa ń ní àpótí kan tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀, tí àwọn ọmọ kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe. Kí wọ́n tó gbé wọn fún télọ̀, tàbí kí àwọn fúnra wọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó yẹ kí wọ́n mọ irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, àti ìdí tí àwọn tó ni ín fi tọ́jú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọrọ̀ ni aṣọ, ọrọ̀ tí ó ṣeé kó sínú àpótí. Kí ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì, wọ́n ti gbin òwú, wọ́n ti ká a, wọ́n ti yọ kóró inú rẹ̀, wọ́n ti ran án, wọ́n sì ti rẹ ẹ́ láró. Ọwọ́ púpọ̀ ló ń wọ iṣẹ́ náà, ọjọ́ púpọ̀ ló sì ń gbà. Nítorí náà, aṣọ wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé ìyàwó, òun ni àwọn ọmọ àti àna ń gbé wá síbi òkú àgbà, òun náà sì wà lára ohun tí ẹbí ń pín nígbà tí wọ́n bá ń pín ogún. Aṣọ tí ó bá ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ní ìtàn tirẹ̀ nínú ilé: èyí ni ìyá fi ṣe ìyàwó, èyí ni wọ́n dá nígbà òkú bàbá àgbà.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ náà ni wọ́n ń tún un ṣe. Àwọn àgbà ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́, wọn kò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ìró tó bá ti ṣá, ọ̀dọ̀ aláró ni wọ́n ń gbé e padà lọ kí ó tún un rẹ. Èyí tó bá gbó níbi tí a fi ń jókòó, wọ́n á gé ibi tó gbó kúrò, wọ́n á fi èyí tó kù ṣe ọ̀já ìpọnmọ. Èyí tó bá sì ti rọ̀ dáadáa di aṣọ ìwé ọmọ tuntun, nítorí aṣọ tí omi kò tíì kàn le jù fún ara ìkókó.

Ibi tí àṣà yìí ti hàn jù lọ ni ẹ̀kú egúngún. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn kì í ju ẹ̀kú nù nítorí pé ó gbó. Ńṣe ni wọ́n ń rán aṣọ tuntun lé ti àtijọ́, tí ìran kan ń fi tirẹ̀ kún ti ìran tó ṣáájú. Ní ọdún 2019, Brooklyn Museum ní New York ṣe àfihàn ẹ̀kú kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí oríṣiríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300, tí àwọn kan nínú wọn ti ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà wá. Kò sí ìwé tó lè ṣàlàyé fún ọmọ tó dàgbà lókè òkun, kó yé e tó bẹ́ẹ̀, pé àkísà kì í ṣe pàǹtírí lójú àwọn baba rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn òbí tó ń tọ́jú aṣọ ogójì ọdún lè fajú ro bí ọmọ wọn bá ra àlòkù, tí a ń pè ní òkìrìkà, wálé. Kì í ṣe gbígbó aṣọ náà ni wọ́n ń kọ̀. Aṣọ ogún ní ẹni tó ni ín, gbogbo ilé sì mọ̀ ọ́n. Òkìrìkà kò ní. Nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́, aṣọ tó ti pẹ́ lára ènìyàn ti mú nǹkan lára onítọ̀hún, èyí ló fà á tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí aṣọ àwọn bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, tí wọn kì í sì í fẹ́ wọ ti àjèjì. Ọ̀rọ̀ ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló dàgbà ní àkókò tí òkìrìkà jẹ́ àmì ẹni tí kò rówó ra tuntun, tí ẹni tó lọ rà á ní ọjà Yábà ní Èkó á sì fi í pamọ́ sínú àpò títí yóò fi délé. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní pe kíkọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní ìgbéraga.

Nínú gbogbo ohun tó ń wà nínú àpótí, aṣọ òfì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní aṣọ òkè, ló ń fẹ́ ìmọ̀ jù. Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin lókìkí fún híhun rẹ̀. Lórí òfì àwọn ọkùnrin, tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ ń jáde, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Wọ́n á wá gé e ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n á rán etí mọ́ etí títí yóò fi fẹ̀ tó ìró. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀ fífẹ́rẹ́, láti ara okùn tí àwọn kòkòrò inú igbó fi ń kọ́lé sára igi; òun ni àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ. Ẹtù dúdú láti inú aró èlú, ìlà funfun tíntìntín sì wà nínú rẹ̀. Àlàárì pupa, ní ìgbà àtijọ́, sílíìkì tí àwọn oníṣòwò ń gba aginjù Sàhárà kó wá ni wọ́n fi ń hun ún. Láti nǹkan bí ọdún 1970 síwájú ni òwú dídán tí a ń pè ní ṣáìn-ṣáìn gbòde, tí aṣọ òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Bí ojú kò bá dá wọn mọ̀, kí a fa òwú kan ṣoṣo yọ létí aṣọ, kí a fi iná sí i: òwú gidi á jóná di eérú, sílíìkì á máa rùn bí irun tó jóná, èyí tó jẹ́ rọ́bà á yọ́, á sì di kóró líle. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí pé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lè ba ṣáìn-ṣáìn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí sányán kò ní kọ áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nítorí pé títò ni wọ́n to aṣọ òfì pọ̀, títú ló yẹ kó ṣáájú gígé. Etí méjèèjì aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí òwú ti yí padà lórí òfì, kò sì lè tú; ṣùgbọ́n bí a bá fi àlùmọ́gàjí la aṣọ náà ní ìbú, gbogbo òwú tí a gé ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde. Àṣìṣe tó ń ba aṣọ ogún jẹ́ jù nìyí: wọ́n á tẹ́ ìró sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ àǹkárá, wọ́n á gé e ní ìlànà bébà, láàárín oṣù díẹ̀ ojú rírán á ti là. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí a jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí a fi bíléèdì tàbí orí abẹ́rẹ́ já ojú okùn kan nínú mẹ́ta, kí a sì fa okùn ẹ̀yìn yọ. Nígbà tí tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti dá wà, èyí tó gbó á hàn, èyí tó le á hàn. A lè yọ àwọn tó gbó kúrò láàárín, kí a fi àwọn tó wà létí rọ́pò wọn, torí ibi ìjókòó ló ń kọ́kọ́ gbó lára ìró. Ibi tí gígé bá ti di dandan, kí a kọ́kọ́ fi maṣíìnì rán ìlà méjì síbi tí àlùmọ́gàjí yóò gbà, tàbí kí a lẹ gọ́ọ̀mù-sitéè, aṣọ tínrín tó ní gọ́ọ̀mù, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí a tó gé e láàárín ìlà méjèèjì.

Ohun tó rọrùn jù láti fi aṣọ àtijọ́ ṣe ni kí a lò ó lódindi. Ìpèlé ìyá àgbà tí a ju sí èjìká lórí kóòtù dúdú kò bèèrè abẹ́rẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin inú ẹ̀sìn Candomblé ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, ṣì ń fi aṣọ tí wọ́n ń pè ní pano da costa sí èjìká tàbí kí wọ́n so ó mọ́ àyà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, láti Èkó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀.

Bákan náà ni òlékú, ìró tí kò kọjá orúnkún pẹ̀lú bùbá ọlọ́wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀. Oge àwọn ọmọge ayé ọdún 1960 sí 1970 ni, ó sì tún padà gbòde nígbà tí Túndé Kèlání gbé fíìmù Ó Le Kú jáde ní 1997, láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ múra bẹ́ẹ̀ kò nílò láti gé ìró ìyá rẹ̀ kúrú. Kí ó ká a láti òkè kí ó tó ró o, kí ó fi ìgbànú tàbí rọ́bà dè é, bùbá yóò bo ibi tí ó ká. Aṣọ náà á padà sí gígùn rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ ọ.

Fún ẹni tí ìró ń já lára rẹ̀, ọ̀nà ti wà tipẹ́. Shade Thomas-Fahm, tó kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó padà sí Èkó ní 1960, ṣe ìró tó ní síìpù àti gèlè tí a ti wé sílẹ̀, ó sì sọ agbádá ọkùnrin di ẹ̀wù obìnrin. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2022. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ló yẹ kí a máa wò nílé: ó yí bí a ṣe ń wọ aṣọ padà, kò sì sọ aṣọ náà di ohun mìíràn. Agbádá bàbá, bí a bá dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti inú láì gé e, á di bùbú fún ọmọbìnrin, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà rẹ̀ á sì wà ní odidi. Gèlè aṣọ òkè tó ti le jù láti wé á tó fìlà méjì tàbí mẹ́ta fún àwọn ọmọkùnrin, torí fìlà abetí ajá kì í gba aṣọ púpọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kù dára fún ìgbànú, fún etí ọwọ́ ẹ̀wù, tàbí fún okùn àpò.

Àdìrẹ náà ní ojú rírán tirẹ̀. Ìró àdìrẹ àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ aṣọ méjì tí a so pọ̀ láàárín; bí a bá tú u, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó ṣẹ́ẹ̀tì. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn yẹn dára fún kọ́là àti àpò. Kí a wo ọnà náà dáadáa kí a tó gé e: ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ti ìlú Ìbàdàn nínú, gígé àwọn òpó náà sí méjì sì ba ọ̀rọ̀ tí aṣọ ń sọ jẹ́. Léèsì kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Lustenau ní ilẹ̀ Austria láti ọdún 1960 síwájú lágbára, ó ṣì ń fara da omi àti abẹ́rẹ́. Òwú tó ti já lára òdòdó rẹ̀ nìkan ni a ń fi ọwọ́ dì.

Àwọn aṣọ kan wà tí kò yẹ kí a tú rárá. Ìtagbè, aṣọ èjìká tí òwú gígùn ṣù sí létí, jẹ́ ti oyè àti ti Ògbóni, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí a bá rí i nínú àpótí bàbá, àgbà ìdílé ni a ń bi léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ egúngún ilé. Aṣọ yòókù pàápàá, ẹni kan kò lè dá pinnu lórí rẹ̀ bí olóògbé bá fi ọmọ tó ju ọ̀kan lọ sílẹ̀. Kí wọ́n pe ara wọn lórí fóònù, kí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n gbọ́, kí a tó gbé bíléèdì. Ibi tí títú ti tún wúlò nìyí, torí ìró kan ṣoṣo lè di tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ mẹ́rin yóò pín dọ́gba.

Ní ti ìtọ́jú, ẹtù àti àdìrẹ a máa yọ aró, wọn kì í bá aṣọ mìíràn wọ omi kan náà. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni wọ́n ń fẹ́, kí a má fún wọn, kí a sá wọn síbòòji. Sányán àti àlàárì tí wọ́n fi sílíìkì hun, atẹ́gùn ló dára fún wọn ju omi lọ. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá ń kó sáàárín aṣọ ní Nàìjíríà kò tó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kòkòrò tó ń jẹ sílíìkì àti irun àgùntàn ti pọ̀. Bí a bá rí ihò, kí a di aṣọ náà sínú ọ̀rá, kí a fi í sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí a ká a pẹ̀lú aṣọ funfun láàárín, kí a sì máa yí ibi tí a ká padà lọ́dọọdún kí ó má baà là. Kí a rán bébà tàbí aṣọ kékeré kan mọ́ etí rẹ̀ nínú, kí a kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín síbẹ̀, ìlú tí wọ́n ti hun ún bí a bá mọ̀ ọ́n, ìnáwó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a, àti ọdún tí a tú u.