Ẹni Tí Ó Wà Nídìí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn ìjọba ni ẹni tí ó wà ní Ìjàgbó lẹ́bàá Ọ̀fà ń gbọ́ bí ó bá tan asọ̀rọ̀mágbèsì. Òfin ológun nọ́mbà 38 ti ọdún 1992 ni ó ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Ní ọdún 1994, Ray Power ti Olóyè Raymond Dokpesi bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn l'Ékòó tọ̀sán-tòru.

Orin ni oúnjẹ rẹ̀: orin tẹ̀lé orin, atọ́kùn ń sọ̀rọ̀ ṣókí láàrin wọn, ìpolówó ọjà sì ń mú owó wọlé. Orin Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kenny Ogungbe àti Dayo Adeneye, tí wọ́n jẹ́ atọ́kùn, fàyè gba àwọn ọ̀dọ́ bí The Remedies, tí Tony Tetuila ọmọ Kwara wa wà nínú wọn. Wọ́n gbé èdè Yorùbá gun orí ìlù àjèjì, orúkọ wọn sì kàn.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Orin kì í ṣàdédé gbajúmọ̀. Ẹni tí ó ń yan orin ni ó ń yan ohun tí ọmọdé yóò máa kọ lọ sílé ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀rọ náà ni kò gbèsì. Àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀ ń gbà á. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ béèrè dàdàkúàdà, ẹ béèrè Yorùbá tí ó gún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.