Ìtọ́jú Ni Ẹ̀mí Ọkọ̀: Ìtàn Silver Ghost, Ọkọ̀ Ọdún 1907



Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òwe yìí bá mu. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣe é. Ó ti rin ju ìdajì mílíọ̀nù máìlì lọ. Bí ènìyàn bá rí i, yóò rò pé àná ni ó jáde láti ilé iṣẹ́. Silver Ghost ni orúkọ rẹ̀, èyí tí a lè pè ní Iwin Aláwọ̀ Fàdákà, nítorí pé àwọ̀ fàdákà ni wọ́n kùn ún, kì í sì í pariwo bí ó bá ń kọjá lọ. Kì í ṣe owó nìkan ni ó gbé ọkọ̀ yìí dé òní. Ohun tí ó gbé e dé òní ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àwọn tí ó ṣe é

Inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí Henry Royce sí ní ọdún 1863. Ọmọ ọdún 9 ni ó wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ta ìwé ìròyìn ní ìgboro, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, ṣùgbọ́n owó ìkọ́ṣẹ́ tán kí ó tó parí. Ní ọdún 1884, ó dá iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná sílẹ̀ ní ìlú Manchester. Ní 1903, ó ra ọkọ̀ àlòkù kan tí ń jẹ́ Decauville. Tòkunbọ̀ gidi ni, nítorí pé láti ilẹ̀ Faransé ni ó ti la òkun kọjá. Ọkọ̀ náà kò tẹ́ Royce lọ́rùn. Ó tú u wò fínnífínní, nígbà tí ó sì di 1904, ó ti ṣe tirẹ̀.

Ọmọ olówó ni Charles Rolls ní tirẹ̀. Ó kàwé ní Yunifásítì Cambridge, ó sì ń ta ọkọ̀ ní London. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1904, àwọn méjèèjì pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Manchester. Wọ́n ṣe àdéhùn pé Royce yóò máa ṣe ọkọ̀, Rolls yóò sì máa tà á. Báyìí ni orúkọ Rolls-Royce ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1906, wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ṣáásí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀

Láyé ìgbà náà, ṣáásí àti ẹ́ńjìnnì nìkan ni ilé iṣẹ́ ń ṣe. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò gbé e lọ bá àwọn tí ń kan ara ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ bọ́lẹ̀kájà rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ṣáásí Bedford tàbí Austin máa ń ti òkè òkun dé, àwọn káfíńtà wa á sì fi pákó kan ara lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ orúkọ tàbí òwe sí i níwájú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Silver Ghost. Ṣáásí nọ́ńbà 60551 jáde láti Manchester. Ilé iṣẹ́ Barker ní London ni ó kan ara rẹ̀, ara tí kò ní òrùlé irin, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá fi ń rin ìrìn àjò gbafẹ́. Claude Johnson, ọ̀gá tí ó ń darí ọ̀rọ̀ títà, ni ó fún un ní orúkọ, tí ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Nọ́ńbà ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ni AX 201.

Sìlíńdà 6 ni ẹ́ńjìnnì náà ní, ó sì ju lítà 7 lọ. Ìṣòro ẹ́ńjìnnì sìlíńdà 6 láyé ìgbà náà ni pé kiráńkì rẹ̀, irin gígùn tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, máa ń gbọ̀n, ó sì lè ṣẹ́. Royce ṣe tirẹ̀ kí ó ki, ó fi bíárìn 7 gbé e dúró, ó sì ṣètò kí ẹ̀rọ máa fi agbára ti ọ́ìlì dé ibi tí irin ti ń ra irin. Púlọ́ọ̀gì méjì-méjì ni ó fi sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tí iná fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra. Bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, èkejì á gbé ọkọ̀ délé.

Ìdánwò máìlì 15,000

Ní ọdún 1907 kan náà, wọ́n gbé ọkọ̀ yìí sí ojú ìdánwò, àwọn alábòójútó láti ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà 27 ni ó rin àárín London àti Glasgow, tọ̀sán tòru, àyàfi ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ó rin máìlì 629, ọkọ̀ dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣí epo ni ó gbọ̀n títí tí ó fi ti ara rẹ̀. Wọ́n ṣí i, ọkọ̀ sì tẹ̀ síwájú. Láti ìgbà náà, ó rin máìlì 14,371 tí kò tún sí àléébù ẹ̀rọ tí ó dá a dúró lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ìdánwò parí, wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n wọn ibi gbogbo tí ó lè ti jẹ. Iye owó ohun tí wọ́n ní láti pààrọ̀ kí ó tó padà dà bí tuntun jẹ́ pọ́n-ùn 2, ṣílè 2 àti pẹ́nì 7. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi àléébù máìlì 629 pamọ́. Àkọsílẹ̀ òtítọ́ yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí aráyé gba ìyókù gbọ́.

Ohun tí àtúnṣe jẹ́

Ní 1908, wọ́n ta ọkọ̀ náà fún ẹnì kan tí ó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1948 ni ó padà sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Láàárín ọdún 1989 sí 1991, ilé iṣẹ́ P & A Wood ní ẹkùn Essex tún un ṣe pátápátá.

Irú àtúnṣe yìí yàtọ̀ sí kí a pe páńẹ́lì bítà kí ó lẹ ibi tí ó bó, kí a sì kùn ún. Wọn a kọ́kọ́ ya àwòrán ọkọ̀, wọn a tú u níkọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi àmì sí gbogbo ohun tí wọ́n bá tú. Èyí tí ó bá ṣeé gbà là, wọn kì í sọ ọ́ nù. Èyí tí kò bá ṣeé gbà là, tí kò sì sí ní ọjà mọ́, wọn a rọ irú rẹ̀ láti inú ìwé àwòrán àtijọ́. Wọn kì í sì í fi ọgbọ́n òde òní kún un. Táyà iwájú àwọn ọkọ̀ ìgbà náà kò ní bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe fi í sílẹ̀, awakọ̀ ni yóò kọ́ láti fi àyè sílẹ̀ níwájú. Bí ẹnì kan bá wá bèèrè pé ọkọ̀ ọjọ́sí náà ha nìyí, nọ́ńbà ṣáásí àti ìwé tí wọ́n ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá

Ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo ka ọkọ̀ 11 tí koríko bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo bèèrè ohun tí ó ṣe wọ́n. Ti òmíràn kò ju ohun kékeré kan tí kò tó owó epo ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìwé ìrìn ọkọ̀ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn. Wọn kò tí ì pé ọdún 8. Silver Ghost ti lé ní 80 ọdún nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀ láti tún un ṣe.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn òyìnbó ní owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ń kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì kì í ṣe ohun olówó. Yálà ọkọ̀ ara wa ni, tàbí jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn, tàbí ilé tí àwọn baba wa kọ́ sílẹ̀ ní ìlú wa, ẹ jẹ́ kí a máa kọ ohun tí ó ṣe é àti ohun tí a ṣe sí i sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.